Wọ́n Ní Mo Jí Orin Ara Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé Jésù ga. Ọpẹ́ ni mo wá dá, àmọ́ mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run: inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Kémta níbí là ń gbé, èmi àti Dádì, ọkọ mi. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì ò wọlé déédéé mọ́, Dúpẹ́ ọmọ mi ní kí n máa fi fídíò kọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ní Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orin ni mo fi ń kọ́ wọn, èmi ni mo sì ń ṣe orin náà fúnra mi. Ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì tí mò ń gbé fídíò náà sí bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún mi. Òun la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Dádì.

Ó di ọjọ́ kan, wọ́n ti ojú ewé mi pa. Wọ́n ní orin olórin ni mo jí kọ. Orin tí mo ronú kàn níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà! Mo kọ̀wé, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Mo tún kọ ọ́, ẹ̀rọ tún sọ ohun kan náà. Kò sí ọ́fíìsì tí èèyàn lè lọ, kò sí kantà tí wàá ti dúró bínú. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo ṣínu gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ò gbẹ́jọ́ mi mọ́.

Oògùn Dádì sì ti ń tán lọ. Mo kúnlẹ̀, àdúrà ò jáde. Ohun tí mo lè sọ ò ju, "Olúwa, ó ti sú mi. Ìwọ náà ṣáà rí wọn."

Orí ìkúnlẹ̀ ni Alhaja tó ń ta àdìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa bá mi, ó wá kí Dádì. Mo rojọ́ fún un. Kò mọ nǹkan kan nípa íńtánẹ́ẹ̀tì o. Ó kàn bi mí pé, "Ìyá Dúpẹ́, ẹni tó ní òun ló lorin, ṣé kò lórúkọ ni?"

Ara mi bù máṣọ. Èmi tíṣà, ìbínú ò jẹ́ kí n ka lẹ́tà tí wọ́n fi fẹ̀sùn kàn mí dópin. Orúkọ ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀, í-meèlì ẹ̀ wà níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin náà, ó sì pè mí. Ọ̀dẹ̀dá níbí ló ti ń ya fídíò! Ó fi orin mi sínú fídíò ìsọmọlórúkọ kan, ó wá fi orin náà sórúkọ ara ẹ̀ lórí ìkànnì yẹn.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mo rò pé orin àtijọ́ ni, pé kò lẹ́ni tó ni ín."

Mo ní, "Ìwọ wá sọ ara ẹ di ẹni tó ni ín?"

Mo sọ̀rọ̀ sí i títí ohùn mi fi há. Ó yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ilé iṣẹ́ yẹn fi ṣí ojú ewé mi padà. Wọn ò tiẹ̀ tọrọ àforíjì. Dádì ló jókòó síwájú yẹn, ó ti lo oògùn tàárọ̀ yìí.

Ẹlòmíì lè máa rò ó pé kí ló dé tí Olúwa ò rán ọ̀kan nínú wa. Mi ò mọ̀. Alhaja ló rán.

Ẹ bá mi yọ̀, kí ògo jẹ́ tiẹ̀. Mo fẹ́ fi orin kan jó wá síwájú pẹpẹ, èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ gbé fóònù sókè yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wálẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ bá mi pa.