Wọ́n Ní Kí Ọkọ Mi Wá Kọ́ Mi Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Omi Lò

Màmá, n ò ní jókòó, ẹ má wulẹ̀ fa àga yẹn jáde. Tí mo bá jókòó, inú mi á rọ̀, n ò sì wá síbí kí inú mi rọ̀. Ọmọ yín ti sọ mí di ẹni ẹ̀sín láàárín gbogbo àwa tá à ń gbin ìrẹsì, ọmọ tí ẹ fọmú yín fún yìí náà ni o!

Ẹ̀yin náà kúkú mọ oko wa. Tèmi lókè, tiẹ̀ nísàlẹ̀, amọ̀ tá a mọ gbọọrọ ló pààlà. Ta ló gbẹ́ kànga? Èmi. Ta ló ń ra epo sí ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ tó ń wúkọ́ bí arúgbó, ẹ má bínú, Màmá? Èmi náà ni. Ọmọ yín ò ní kànga, kò ní ẹ̀rọ, kò ní kẹ́ẹ̀gì epo kan ṣoṣo. Akàn ló ní. Àwọn akàn ti lu ààlà náà já, bí mo bá ti fa omi sí ìrẹsì tèmi báyìí, á gba ihò akàn sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sínú tiẹ̀. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Ṣebí ọkọ mi ni.

Àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ oko kéékèèké wò ṣe dé, tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń fi omi abẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ àti epo díẹ̀ kórè ìrẹsì púpọ̀. Wọ́n bi mí léèrè epo, mo sọ òótọ́. Wọ́n bi ọmọ yín, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní òun kì í jó epo rárá, ọwọ́ òun ló tutù, ohun tóun bá gbìn ló ń yè. Ọwọ́ tó tutù! Omi mi ló tutù!

Ni wọ́n bá fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́, wọ́n fi mí ṣe ẹni ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ omi kan náà ló bọ́ oko méjèèjì. Ká ní wọ́n pín epo mi sórí oko méjèèjì ni, ta ló máa ṣíwájú mi? Wọ́n tún wá gbé ẹ̀rọ tuntun fún un. Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí. Kò rí kànga gbé e sí, ó gbé e sí pálọ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó ní kí n máa rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Wọ́n ní kó máa kọ́ mi! Ó mú mi jókòó lábẹ́ igi, ó ní, "Ìyàwó, ìwà àpà ò dáa, máa ṣọ́ omi lò." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo ní mo ti gbọ́, Ọ̀gá. Mo dìde, mo po amọ̀, mo dí gbogbo ihò akàn pátá. Mo ń ṣọ́ omi lò nìyẹn!

Kí lẹ wí? Pé ìrẹsì rẹ̀ ti ń gbẹ? Pé àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń kó àlejò bọ̀ lọ́la wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Áà, ó ti wá sunkún fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò dédé ránṣẹ́ pè mí.

Ó dáa. Kó gbé ẹ̀rọ yẹn sórí kànga mi. Kó sì dúró níwájú àwọn àlejò, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ni omi. Mo fi Ọlọ́run búra, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, amọ̀ mi ò ní kúrò níbẹ̀.

Màmá, kí lẹ̀ ń wò lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ẹsẹ̀ ta nìyẹn? Họ́wù! Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín á pa mí! Ọ̀gá àgbẹ̀, jáde níbẹ̀. Omi ta ni?

N ò gbọ́. Sọ ọ́ sókè, àwọn tó bá dúró lẹ́yìn lọ́la ò ní gbọ́ ìyẹn.