Èmi Ni Mo Ń Yan Ẹgbẹ́ fún Bàbá

Ọjọ́ tí mo pariwo nínú pálọ̀ Bàbá títí aládùúgbò fi ń gbá ògiri, ọjọ́ náà ni eré yìí mú mi, ibẹ̀ náà sì ni ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí ni mo ti ń gbé irọ́ kan kiri. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan pásítọ̀ mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, irọ́ náà lè ṣe ọmọdé méjì léṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Orúkọ tí mo lò níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an.

Park Hill ni mò ń gbé, ní Staten Island, erékùṣù kan ní New York. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Kí n tó dé Amẹ́ríkà, tíṣà ìṣirò ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń pè mí ní Tíṣà. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni Bàbá tí mò ń tọ́jú, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó wa bọ́ọ̀sì ní New York yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìgbáròkó, Ṣadé, àkọ́bí rẹ̀, gbà mí pé kí n máa wá ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Ṣadé. Ó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ní University Heights, ní Bronx, ní òpin kejì ìlú.

Bàbá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní fáńtásì. Ó dá lórí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù. Ẹ ó yan àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi láti inú oríṣìíríṣìí ẹgbẹ́, ẹ ó sì kó wọn jọ lórí fóònù bí ẹgbẹ́ tiyín. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ní ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń di máàkì fún yín. Ẹni tó ṣe pàtàkì jù ni kọ́tábáàkì, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù. Bàbá ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́tà orí fóònù kéré jù fún un. Nítorí náà, òun a dárúkọ, èmi a tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, máàkì mẹ́ta ló kù kí Bàbá borí. Mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n. Ni ẹni tí Bàbá mú bá hán bọ́ọ̀lù, ó yẹ èèyàn méjì sílẹ̀, ó fò sọdá ẹni kẹta, ó sì gbé e wọlé. Mo ké. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, áyọ́ọ̀nù ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù funfun tí Bàbá fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

“Tíṣà,” ni Bàbá wí, “o ti jó mi lẹ́wù o. Kò burú, a ṣáà ti borí!”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé kan tí mò ń kọ nǹkan sí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé yáàdì márùnlélógún tí kọ́tábáàkì bá jù ló ń di máàkì kan, pé yáàdì mẹ́wàá péré tó bá fi ẹsẹ̀ sá ló ń di máàkì kan. Tó bá ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi wọlé, máàkì mẹ́rin. Tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wọlé, mẹ́fà. Tí ọ̀tá bá gba bọ́ọ̀lù tó jù, wọ́n á yọ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Ní oṣù Kẹsàn-án yìí, Bàbá ní kí n fi ọkùnrin kan sí ipò kọ́tábáàkì. Mo rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo ní, “Daddy, ẹni yẹn ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ o.” Bàbá wò mí. Mo rí i pé kò ṣàwàdà. Ojú tì í, ó sì yíjú sí fèrèsé. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó tún dárúkọ ọkùnrin yẹn.

Mo ní, “Mo ti fi í síbẹ̀, sà.” Irọ́ ni. Ẹlòmíràn ni mo fi síbẹ̀, ẹni tí èmi fúnra mi yàn.

A borí lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ ń kí Bàbá lórí WhatsApp, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe é. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń yan gbogbo wọn. Bàbá a dárúkọ, èmi a dáhùn “ó dáa, sà,” màá sì tẹ ohun tó wù mí.

Ní oṣù Kẹwàá, Ṣadé wá sílé. Bàbá ti sọ ìtàn kan náà fún un lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ sì rí ibi tí ọkọ̀ tí Bàbá ṣì ń wà ti họ. Ó bá mi nínú kíṣìnnì, ó fa ilẹ̀kùn dé.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú wọn. Ṣé wọ́n ń gbàgbé nǹkan? Mo ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà tó ń yẹ ọpọlọ wò. Tó bá rí nǹkan kan, a ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹnu mi ló yẹ kó sọ òótọ́ nígbà náà. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ṣé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò pé ló ń na gbogbo yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Òótọ́ ni, Àǹtí. Wọ́n nà mí bí ẹní na bàrà ní Sọ́ńdè tó kọjá.” Ó pe ọ́fíìsì dókítà náà níṣojú mi, ó ní àwọn ò wá mọ́.

Mo bi ara mi ní ìdí tí mo fi ṣe é. Wọ́n tọ́ mi pé èèyàn kì í tú àṣírí àgbà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún Bàbá ni. Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́ fún yín. Mo fẹ́ràn kí n máa borí. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ohun tí wọ́n ń bi mí ò ju pé ṣé mo ti fọ abọ́, ṣé mo ti yí ìbùsùn. Nínú eré yìí, mo mọ nǹkan, ohun tí mo sì mọ̀ ń jẹ́. Orúkọ Bàbá ni wọ́n ń yìn, ṣùgbọ́n inú èmi ló ń dùn.

Ní oṣù Kọkànlá, Bàbá gbé mi dé ibi tí mo ti fẹ́ ra oògùn fún un. Nígbà tí à ń padà, ó wa ọkọ̀ kọjá àdúgbò wa, ó sì dúró síwájú ọgbà tí wọ́n ń páàkì bọ́ọ̀sì sí, níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti wa ọkọ̀ wọ ìlà àwọn bọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọlé. Wọ́n ń fọn fèrè mọ́ wa. Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ti kun ògiri ibẹ̀ ni. Mi ò sọ ìyẹn náà fún Ṣadé.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Bàbá àti Ṣadé ni wọ́n bá ara wọn ní àṣekágbá. Ní Tọ́sìdeè tó ṣáájú rẹ̀, kọ́tábáàkì wa fi ẹsẹ̀ rọ́ níbi ìdánrawò. Èèyàn méjì péré ló kù tí a lè mú. Ọ̀kan jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti ń gbá á tipẹ́. Èkejì jẹ́ ọmọ tuntun tí kò tíì gbá ju ìdíje kan lọ. Fóònù ní àgbà yóò gba máàkì mẹ́tàdínlógún, pé ọmọ tuntun yóò gba mẹ́tàlá.

Mi ò gba fóònù gbọ́. Mo wo ìdíje kan ṣoṣo tí ọmọ náà gbá lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ́ọ̀lù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jù, mẹ́tàdínlógún ló dé ọwọ́ ẹni tó yẹ, ọ̀tá gba méjì. Ìyẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló fi ẹsẹ̀ sáré, ó sì sá yáàdì mẹ́rìnléláàádọ́ta. Tí wọ́n bá ti lé e, kì í dúró jẹ ìyà, apá ọ̀tún ló máa ń gbà sá. Apá ọ̀tún yẹn gan-an ni àwọn tí wọ́n fẹ́ pàdé máa ń fi sílẹ̀ láìṣọ́. Afẹ́fẹ́ líle sì ń bọ̀ lọ́jọ́ náà níbi tí àgbà yóò ti gbá tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ba bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù jẹ́, kì í dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Mo fún ọmọ tuntun ní máàkì mọ́kànlélógún nínú ìwé mi.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá.

“Ìdíje mélòó ló ti gbá?”

“Ẹyọ kan, sà.”

“Ẹyọ kan! Tíṣà, mo kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun fún ọdún mẹ́sàn-án. Jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sí nínú ìwé rẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù á máa bà wọ́n, wọn ò ní kọ lu nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, wọ́n á rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì yẹn ni wọ́n máa ń fọ́ dígí bọ́ọ̀sì.”

“Daddy, ẹsẹ̀ ni ọmọ yìí gbójú lé, kì í ṣe ọwọ́.”

“Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ṣé eré sísá la fẹ́ sá ni? Fi àgbà síbẹ̀, jàre.”

Inú mi dùn. Bàbá tí mo mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé màá gbà fún un. Ó wá mu tíì rẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ta la tiẹ̀ ń bá gbá?”

“Ṣadé ni, sà.”

“Ṣadé wo?”

Mo gbé ìwé mi sílẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Áà, Ṣadé mi!” Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú rẹ̀ kó tó rántí.

Mo fi ọmọ tuntun síbẹ̀. Àgbà ju bọ́ọ̀lù sínú afẹ́fẹ́, máàkì mọ́kànlá ló gbà. Ọmọ tuntun sá yáàdì mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba 22.38. Òun ló jẹ́ kí a borí. Lọ́jọ́ yìí, mi ò lè pariwo.

Ṣadé fi ohùn ránṣẹ́ kíá: “Daddy, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin! Ẹ wá fi ọkọ̀ yín gbé àwọn ọmọ ní Sátidé, kí wọ́n wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó ní irú ọpọlọ yìí, kí ni mò ń bẹ̀rù?”

Láti ibí dé Bronx, ẹ mọ iye afárá tó wà níbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Ọsàn ló ń bó. Mo ní, “Daddy, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mò ń yan ẹgbẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án.”

Kò gbójú sókè. “Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, sà?”

“Ṣé o rò pé etí mi ti di ni? O ń ké orúkọ ẹni tí mi ò mú. Mo ní, ó dáa, ẹnì kan ń bò mí láṣìírí.” Ó gbé ọsàn náà sílẹ̀. “Tíṣà, kò sí òpópónà tí mi ò wa bọ́ọ̀sì gbà ní erékùṣù yìí. Ní báyìí, mo lè jókòó sínú ọkọ̀ kí n má mọ ibi tí mò ń lọ. Ó máa ń padà wá o. Má sọ fún Ṣadé. Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ mi.”

Mo ní, “Mo gbọ́, sà.” Lójú àgbà, ẹ̀jẹ́ ni ìyẹn.

Òní ni Tọ́sìdeè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ ọ́, Bàbá yóò rò pé mo ti tà á, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni yóò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, mo rí i pé mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ kọ́ mi ní bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí ojú kò fi ní ti Bàbá. Ṣadé, tí o bá ń kà á, dárí jì mí. Pe dókítà yẹn padà.

Ife ẹ̀yẹ náà dé lánàá. Ṣadé ló sanwó pé kí wọ́n fín orúkọ Bàbá sí i lára. Orúkọ Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀, àti máàkì náà nísàlẹ̀ rẹ̀: 121.38 sí 119.90.