Ìyẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Bosẹ́nà

Fúnmi, jókòó. Má fi ìbínú gbé báàgì. Bọ́ọ̀sì tí ó ń lọ sí Woolwich pọ̀ ní ìlú ọba yìí. Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ìwọ náà jókòó ti ìyàwó rẹ. Ẹ ní kí n má sọ Yorùbá sí Àbẹ̀kẹ́ mọ́ nítorí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ wí. "Mummy, ẹ ń confuse ọmọ náà." Mo gbọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ tèmi.

O ń rẹ́rìn-ín, Bàbá Àbẹ̀kẹ́? Bí mo bá fi Yorùbá pè ọ́ wá jẹun, o kì í wá ògbufọ̀.

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí bàbá Fúnmi ń kàwé ní Nẹbráskà, ní Amẹ́ríkà, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré kan. Ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì ni àwọn ará ibẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Bohemia, ilẹ̀ wọn ní òkè òkun. Wọ́n dáko, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn kan sí àárín ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe eré, tí wọ́n ń kọrin ní èdè wọn. Èdè náà ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibojì wọn... Ṣé ẹ mọ ohun tí ó dùn mí? Àwọn ọmọ ọmọ wọn a gbé òdòdó lọ síbẹ̀, wọn kò sì lè ka ohun tí a kọ.

Kí ni ó fà á? Ìbẹ̀rù ni. Ìyá Bosẹ́nà, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó mi, ni ó sọ fún mi nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó ní, "Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n ń fura sí ẹni tí ó bá ń sọ èdè àjèjì. Wọ́n ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ fi èdè wa kọ́ ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́. Èmi àti ọkọ mi pinnu pé ojú kò ní ti àwọn ọmọ wa. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a sọ sí wọn."

Fúnmi, má wo aago.

Ìgbà tí ó yá, iyè arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ kẹ́yìn ni ó kọ́kọ́ lọ. Èdè tí ó bá nílé ni ó kù. Fúnmi, ìwọ tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé irọ́ ni mo pa? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó figbe ta. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé, igbe! Ọwọ́ rẹ̀ ń já nǹkan tí a kò rí lórí aṣọ ibùsùn. Lídà, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, dì í lọ́wọ́ mú. "Ìyá àgbà, kí ni ẹ ń fẹ́?" Wọ́n gbé omi wá, ó ti ife dànù. Wọ́n ní ooru ni. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ó wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ó ń sunkún, ó ń nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Kò sí fóònù tí ó ń túmọ̀ èdè nígbà náà bí ti òde òní. Wọ́n ti ń wá abẹ́rẹ́ tí yóò mú un sùn.

Mo sáré lọ mú Bàbá Fráńkì, arúgbó bíi rẹ̀ tí ó ṣì gbọ́ èdè wọn, wá láti yàrá kejì. Ó tẹ́tí. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn! Ó ní ìyẹ́ ń fò lọ!"

Ìyẹ́ wo? Ẹ gbọ́ àṣà wọn. Ní ìgbà òtútù, àwọn obìnrin a jókòó yí tábìlì ká, wọn a máa já ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kúrò lára igi líle àárín rẹ̀, kí wọ́n lè kó o sínú aṣọ fi ṣe kúbùsù fún ọmọ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn lójijì. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kúbùsù Lídà ni ìyá àgbà ń ṣe... àwa ni a ń ṣí ilẹ̀kùn sí i!

Mo ti ilẹ̀kùn. Ó dákẹ́. Lídà bẹ Bàbá Fráńkì pé kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní èdè wọn. Ó kọ́ ọ, ahọ́n ọmọ náà ń kọsẹ̀. Ìyá Bosẹ́nà wò ó bí ẹni wo àlejò, ó sì ń bá ìyẹ́ rẹ̀ lọ.

Háà... Fúnmi, èmi náà ń darúgbó. Lọ́jọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì bá kúrò lẹ́nu mi, ta ni yóò ti ilẹ̀kùn fún mi? Kí Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó gbọ́ ọ ju ọbabìnrin wọn lọ! Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìbẹ̀rù gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

"Mummy, mo gbọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́..."

Dúró ná. Atẹ́gùn odò Thamesmead yìí ń wọlé. Àbẹ̀kẹ́, ìyá mi, bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ wò ó, ó ti ti ilẹ̀kùn. Fúnmi, ta ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún un?