Mo Fi Ọ̀rá Bo Aríran Lójú

Ẹ̀yin ará Likosi, ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo fi òkèlè tì í, kò lọ. Mo fi omi tì í, kò lọ. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde lójú gbogbo yín lónìí. Èmi Tiwalọpẹ́, ọmọ Ìyá Alágàrí, tí ẹ ń pè ní ọmọ dáadáa, èmi ni mo purọ́ fún yín fún odidi oṣù méje. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ni mo fi pa irọ́ náà.

Ẹ rántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ àlòkù irin lẹ́bàá títì Ìkòròdú ti sọ òwúrọ̀ wa di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ tí a bá sá ní funfun, tòun ti ẹ̀húrù dúdú tí èéfín ń dà sílẹ̀ ni a ń ká a. Nígbà tí Tíṣà Oyèkọ́lá fẹ̀yìntì ní Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n padà wálé, wọ́n kó wa jọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé-ìwé, wọ́n ní ariwo ẹnu kò lè lé èéfín, ẹ̀rí ló lè lé e. Wọ́n gba ẹ̀rọ mẹ́rin wá lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì kan. Ẹ̀rọ funfun, kò ju páálí ṣúgà lọ, a máa fa afẹ́fẹ́ símú, a sì máa tanná: bí afẹ́fẹ́ bá dára, àwọ̀ ewé, bó bá fẹ́ bàjẹ́, àwọ̀ ìyeyè, bó bá burú, pupa bí ata. Ẹ̀yin ìyá wa lẹ sọ ọ́ ní Aríran, nítorí ó ń rí ohun tí ojú wa ò rí. Wọ́n kan ọ̀kan mọ́ iwájú ilé wa, nítorí ilé wa ló súnmọ́ ìléru ilé-iṣẹ́ náà jù. Tíṣà gbé ìwé lé mi lọ́wọ́. "Tiwa, ìwọ tó ń yá ìwé kà kiri ìlú, àràárọ̀ ni kí o máa kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọdún bá yí po, a ó gbé ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ Abẹ́òkúta, kí ìjọba lè ní kí wọ́n fi ohun tó ń sẹ́ èéfín sẹ́nu ìléru náà." Wọ́n wá fi òfin kan kún un: kí ẹnikẹ́ni má sun ìdọ̀tí mọ́; ilé tí èéfín tirẹ̀ bá sì ń pọ́n Aríran lójú, kí wọ́n pa ààrò ibẹ̀ títí ọdún yóò fi yí. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Ìyá mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri wa níbẹ̀ ni ààrò tí wọ́n fi ń yan gàrí wà.

Lọ́jọ́ kẹta, Aríran pọ́n. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo wo èéfín tó ń rú lábẹ́ agbada ìyá mi. Èmi aláìnírònú, kò wá sí mi lọ́kàn láti yíjú wo apá ìléru. Ìyá mi gbójú sókè.

"Ṣé èmi ló ń nàka sí?"

"Màámi, ẹ má dá a lóhùn."

"Iná yìí ni ìyá mi fi tọ́ mi, òun ni mo fi tọ́ ìwọ náà. Bí wọ́n bá pa á, kí ni n ó máa jí ṣe?"

Mo yọ Aríran kúrò lára ògiri, mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, sára igi ọsàn ẹ̀bá kànga, níbi tí atẹ́gùn oko ti ń fẹ́ wá. Ìyá mi bá mi di ìṣó mú. "Èmi ò rí nǹkan kan o," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọ̀ ewé ló tàn. Inú mi dùn! Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó tì í nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ó dà bí ewé kan ṣoṣo tí oòrùn gbàgbé sílẹ̀. N ó máa wò ó títí n ó fi rí Likosi mìíràn nínú rẹ̀, Likosi tí òjò rẹ̀ ń rọ̀ láìní àbàwọ́n, tí àwọn obìnrin rẹ̀ ń sá aṣọ funfun títí dé ìdí òkè, tí aṣọ náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹyẹ lékeléke. Àlá dùn ún lá. Ẹni tó ń lá a ni kò mọ̀ pé òun ń sùn.

Ẹ mọ Kàdíjátù ọ̀rẹ́ mi, aránṣọ tó háyà yàrá iwájú nílé wa. Ikọ́ fée ti ń bá a fínra láti kékeré. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá burú, kó tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ti purọ́ fún un pé nítorí àwọn ọmọdé tó ń fọwọ́ kàn án ni mo ṣe gbé Aríran sẹ́yìn ilé. Kó tó jáde láràárọ̀, yóò kọ́kọ́ pariwo láti ojú fèrèsé.

"Tiwa! Kí ni Aríran wí?"

"Ewé ni!"

"Ṣé o wò ó dáadáa, àbí o tún ń lá àlá lé e lórí?"

"Ewé ni mo wí, ìyá oníyọnu. Jáde wá!"

Yóò sì gbé maṣíìnì rẹ̀ síta, ní iwájú ilé, níbi tí mo ti yọ Aríran kúrò. Nígbà tó yá, ikọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó ní, "Ó ní láti jẹ́ pé àyà tèmi ló bàjẹ́, torí afẹ́fẹ́ ò ṣe nǹkan kan." Ó gba ìmọ́lẹ̀ mi gbọ́ ju àyà ara rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì lọ jẹun alẹ́ mi.

Nígbà tí ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ náà wá sí ìpàdé wa lóṣù Ọ̀wàrà, ìwé tèmi ló nà sókè. "Ẹ wo ìwé ọmọ yín! Ẹnu ọ̀nà wa gan-an nìyí, ewé ni látòkè délẹ̀." Tíṣà yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. "Ilé tó súnmọ́ iná jù ló wá tutù jù? Ọgbọ́n mi ò gbé e." Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ìyá mi ti lọ sí ìsìnkú ẹbí ní Ìpẹ̀rú láti ọjọ́ mẹ́ta. Ààrò tutù, adìyẹ ti fi eérú rẹ̀ ṣe ibùsùn. Mo dé ẹ̀bá kànga, Aríran pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Kò sí iná nílé wa. Kò sí ìyá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo yíjú wo apá ìléru, mo rí èéfín tó dùbúlẹ̀ sórí òrùlé wa bí ẹran tó ń sùn. Kì í ṣe ìyá mi ló ń pọ́n ọn lójú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni Kàdíjátù ké: "Tiwa! Kí ni Aríran wí? Dúró, mò ń bọ̀ wá wò ó fúnra mi!" Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀. Bí mo bá ní ó pọ́n, yóò bi mí ohun tó gbé e débí ní tòótọ́, gbogbo yín yóò sì gbọ́. Mo fa ọ̀rá dúdú kan lára okùn aṣọ, mo dà á bo Aríran lójú. "Ewé ni," ni mo wí. "Eruku ọyẹ́ ni mo fi ọ̀rá bò ó fún." Ó gbà. Ó padà síwájú ilé.

Oòrùn ò tíì kan àtàrí tí mo fi gbọ́ tí maṣíìnì dákẹ́. Ó ti dojú bolẹ̀ lórí aṣọ tó ń rán, àyà rẹ̀ ń súfèé. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù, ó di ọwọ́ mi mú. "Tiwa," ó ní, "ṣebí… ewé ni?" Mo ké sí awakọ̀ pé kó sáré sí i.

Ọlọ́run ò jẹ́ kó kú. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, tí wọ́n ń fún un ní afẹ́fẹ́. Nígbà tí ìyá mi dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdí ààrò, wọ́n ń fi igi tú eérú tútù. "Ká ní o jẹ́ kó nàka sí mi," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, "wọn ì bá pa iná mi; kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọn ì bá ti rí i pé ó ṣì ń pọ́n, pé kì í ṣe èmi."

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìwé mi ya. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn ní gègé. Ẹ̀yin ará Likosi, ẹ dárí jì mí bó bá ṣeé dárí jì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi irọ́ gba ẹni tí ẹ fẹ́ràn sílẹ̀ nígbà tí ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó wá síbí, mo ti kan Aríran padà síwájú ilé. Kàdíjátù, tó ti ọsibítù dé lánàá, ké láti ojú fèrèsé: "Tiwa! Kí ni Aríran wí?"

Mo ní, "Pupa ni. Má jáde." Mo kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé náà pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́, mo sọ fún un ohun tí mo sọ fún yín yìí. Nígbà tí mo parí, ó na ọwọ́ jáde, ó ti fèrèsé.

Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí i. Afẹ́fẹ́ ò dára.