Ìlà Ìyá Rẹ Tí Mo Bà Jẹ́

Ọmọ mi, wá jókòó. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bí n kò bá sì pọ̀ ọ́ jáde lónìí, òun ni yóò pa mí, kì í ṣe ọkàn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o ní o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mi. Ìyá rẹ dá ọ lóhùn pé, "Má dán an wò. Ọwọ́ mi ò gba iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ mi náà lo sì jogún." Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Èmi ni mo gbin irọ́ yẹn sí i lára.

Àwa méjèèjì la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fín irin, tó sì ń tẹ fàdákà bọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Wàá kọ́kọ́ la ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sójú irin, wàá wá gbẹ́ ògiri ìlà náà lábẹ́ lọ́tùn-ún lósì, kí inú rẹ̀ lè fẹ̀ ju ẹnu lọ bí ikùn ìkòkò. Lẹ́yìn náà, wàá rọ okùn fàdákà lójú iná, wàá fi òòlù kékeré lù ú wọlé. Bó bá ti wọlé tó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó parí, kò sọ́nà àbájáde fún un mọ́. Ọdún méjì ni mo lò kí n tó lè gbẹ́ abẹ́ ìlà. Oṣù mẹ́rin ni ìyá rẹ lò. Ọ̀gá, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, á fi àtàǹpàkò ra iṣẹ́ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọmọ yìí, ta ló rán ọ sí mi?" Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ojú Mi" ló ń pè mí, torí èmi ni mò ń bá a wo ohun tí kò rí mọ́. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mò ń jowú rẹ̀.

Ọ̀gá wá ní ẹnì kan ṣoṣo lòun lè kọ́ ní iṣẹ́ wúrà kí òun tó fẹ̀yìn tì. Ó ní kí oníkálukú ṣe ìdérí àpótí kan, kó tẹ ewé fàdákà sójú rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ kan, òjò ṣú lọ́sàn-án, ìyàwó ọ̀gá sì ké pe ìyá rẹ pé kó wá bá òun ká aṣọ. Ó fi irin rẹ̀ sílẹ̀ nínú fáìsì tó dì í mú. Ó ti gbẹ́ gbogbo ìlà rẹ̀ tán, fàdákà ló kù. Mo ní kí n kàn wò ó ni o. Há, iṣẹ́ yẹn dára! Mo mú irin ìfín mi, mo ha ètè ìlà ewé mẹ́ta kúrò títí ògiri wọn fi dúró ṣánṣán, tí kò sí ohun tí yóò di fàdákà mú. Ohun tí mo ha ò tó fọ́nrán irun. Ó padà dé, òjò ti pa á lórí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan iná." Mo bá a tan iná, ó sì lu fàdákà rẹ̀ wọlé láìfura. Èmi ẹni ibi!

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá fi èékánná wá abẹ́ ewé kan, ewé náà sì ṣí, ó já bọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ ní, "Mo gbẹ́ ẹ lábẹ́, Ọ̀gá! Ọlọ́run ń gbọ́." Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ojú Mi, bá mi wò ó. Ṣé ó gbẹ́ ẹ?" Ọ̀nà ṣì wà fún mi nígbà yẹn. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo pẹ́ lórí rẹ̀ bí olóòótọ́ èèyàn. Mo ní, "Kò gbẹ́ ẹ, sà." Ìyá rẹ wò mí. Kò bínú. Ó rọra ní, "Bí Bọ̀dá bá wí bẹ́ẹ̀, bóyá mi ò gbẹ́ ẹ lóòótọ́." Ó gbà mí gbọ́ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ.

Èmi ni Ọ̀gá kọ́ ní iṣẹ́ wúrà. Ìyá rẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí i, kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ìfẹ́ ni. Kí n tó ṣẹ́jú, mo ti di àna wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, ìyẹn ló tún wá dí mi lẹ́nu. Níbo ni mo fẹ́ sá gbà? Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, orí àga rẹ̀ ni mo jókòó sí. Bí mo bá délé, òun ló ń bu oúnjẹ fún mi. Bí àlejò bá yin iṣẹ́ mi, á ní, "Ọkọ mi ló bò mí láṣìírí. Ó mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀."

Mo ti jẹ́wọ́ fún un láàárọ̀ yìí. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Irinṣẹ́ mi ńkọ́?" Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn. Mo ní láti sọ fún un pé mo ti ń lò wọ́n láti ìgbà náà, pé mo pọ́n wọn, mo pọ́n wọn, títí wọ́n fi tán. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Lọ bá a. Mi ò ní kí o bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹnu ara mi ni màá fi bẹ̀ ẹ́ bó bá gbà kí n rí òun. Ìwọ náà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, torí irọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọwọ́ tìrẹ. Bí owú ẹnikẹ́ni bá gbá ọ mú láyé, tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ owú lásán. Ra irin ìfín tuntun lọ́nà, méjì, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ọ. Bí àwọn tó ń tà á bá ní àwọn fẹ́ bá ọ pọ́n ọn, má gbà. Ìyá rẹ ló mọ bó ṣe fẹ́ kí ẹnu irin náà rí.