Ahọ́n Tó Tọ́ Aró Wò

Ṣíjúadé, fi ẹ̀lú tí ò ń gún sílẹ̀, wá jókòó. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́ mi. Ikú ti dé ẹnu ọ̀nà mi, ọ̀rọ̀ yìí ò sì gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀. Èmi Ìbítáyọ̀, ìyá aláró tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ń kí, apànìyàn ni mí.

Ẹ ò gbàgbé Fáyọ̀kẹ́, aláró tí ilé rẹ̀ fara kan tèmi. Ọmọdé ni lójú mi, ṣùgbọ́n aró rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Àwọn oníbàárà mi á gba iwájú ìta mi kọjá, wọ́n á kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á sì gbé òwú wọn lọ fún un. Mo ń ṣe ìlara rẹ̀. Àgbàyà ni mí!

Nígbà tí Èṣùbíyìí, ará àdúgbò wa tó fẹ́ joyè, kó òwú aṣọ oyè rẹ̀ fún un, ara mi ò gbà á mọ́. Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ mọ̀ pé omi eérú tó ń ta ni láhọ́n ló ń mú kí ẹ̀lú yọ àwọ̀ rẹ̀ sára òwú. Ohun kíkan sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, wọ́n á bára wọn jà, agbára omi eérú á sì kú. Fáyọ̀kẹ́ lọ sódò, mo wọ ilé rẹ̀, mo da omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó kún agbè sínú ìkòkò aró rẹ̀. Ó hó yaya láìsí iná. Mo dúró wò ó títí ó fi dákẹ́.

Òwú Èṣùbíyìí ò mu aró, ó jáde ní àwọ̀ eérú. Ilẹ̀gbóná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ó fi igbe ta: "Àjẹ́ ni! Ọwọ́ tó pa aró yìí ló pa ọmọ mi!" Àwọn ọkùnrin wọ́ Fáyọ̀kẹ́ jáde, wọ́n fi ọmọ odó ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń ké pé, "Ẹnìkan ló da ohun kíkan sí i! Yèyé Ìbítáyọ̀, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ wò!" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ti ìka bọ aró, mo lá a. Ó kan gan-an. Ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wà lórí ahọ́n mi nígbà náà, mo sì mọ̀. Mo tutọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Kò kan rárá."

Wọ́n lù ú títí egungun orí rẹ̀ fi là. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí mi lẹ́sẹ̀. Kò wo àwọn tó ń lù ú, èmi ló ń wò. Wọ́n ju òkú rẹ̀ sínú igbó, kò rí ẹni sin ín. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń rákòrò nígbà náà. Èmi ni mo gbé e, wọ́n sì ń yìn mí pé mo láàánú. Ṣíjúadé, ìwọ tí wọ́n ń pè lọ́mọ àjẹ́ títí dòní, ìwọ ni ọmọ náà.

Má sunkún, ọmọ mi. Àbí n kò tún gbọdọ̀ pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́? Pe gbogbo àdúgbò jọ, pe Èṣùbíyìí pẹ̀lú, kí o fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò aró tèmi lójú wọn. Jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe ń hó, kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n mọ̀ pé ìyá rẹ kì í ṣe àjẹ́. Bí mo bá kú, ẹ má sin mí sínú ilé yìí. Igbó tí wọ́n ju Fáyọ̀kẹ́ sí ni kí ẹ gbé mi lọ. Ṣíjúadé, bí o bá rí i pé o lè dárí jì mí, má sọ ọ́ níhìn-ín. Wá sọ ọ́ níbẹ̀, kí ìyá rẹ gbọ́.