Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Nàfísàt Ló Sọ Mí Di Tíṣà

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa ní Ìbafọ̀ níbí ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ tíṣà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti bi mí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé mo fẹ́ràn ọmọdé. Irọ́ ni. Mo ti wá fẹ́ràn wọn báyìí, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló gbé mi débí. Ọdún kẹjọ rèé tí òótọ́ yìí ti ń há mi lọ́fun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Aránṣọ ni mí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibùdókọ̀ Lotto ní Mowé dáadáa lè rántí ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni Ìyá Nàfísàt ti fa ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀fàdà ni obìnrin náà ń gbé, níbi tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìrẹsì. Àdéhùn wa ni pé ọmọ á máa gbé lọ́dọ̀ mi, á máa lọ sílé-ìwé láàárọ̀, tó bá dé, á máa kọ́ṣẹ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ni ìyá ẹ̀ níbí o.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Nàfísàt. Òkúta dídán tí àwọn obìnrin máa ń fẹ́ lọ́rùn bùbá nígbà yẹn, ọmọ yìí mọ̀ ọ́n rán ju èmi ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ló wà lọ́kàn rẹ̀. Á to àwọn ọmọ àdúgbò jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Òun ló fẹ́ di tíṣà, kì í ṣe èmi.

Lọ́dún 2001, nígbà tí Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí tó jẹ́ tíṣà wọn wá bá mi. Ó ní ilé-ìwé kan l'Abẹ́òkúta ń wá àwọn ọmọ tó já fáfá, wọ́n fẹ́ kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì máa gbé ibẹ̀. Nàfísàt ló ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò, ó ku kí wọ́n rí i lójúkojú.

“Màdáámù, ẹ bá wa ránṣẹ́ sí mọ́mì ẹ̀ o. Àárọ̀ Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la máa gbéra. Tí Nàfísàt ò bá wá, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀.”

“Kò burú, sà,” ni mo wí.

Fóònù ò tíì dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù nígbà yẹn. Ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀ ọmọ, ohun tó bá sì sọ ni wọ́n máa ń gbà. Mo wo aṣọ ọdún tó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ Nàfísàt ni gbogbo wọn ń retí. Mi ò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Mi ò sọ fún Nàfísàt náà. Mo tún ní kó má lọ sílé-ìwé títí ọdún á fi kọjá, kí tíṣà má baà rí i. Mo ń tan ara mi pé tí ọdún bá lọ, màá wá nǹkan ṣe sí i.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, tíṣà dé. “Màdáámù, ọkọ̀ ń dúró o! Nàfísàt dà?”

Yàrá ẹ̀yìn lọmọ náà wà, ògiri kan péré ló là wá láàárín, àmọ́ ariwo maṣíìnì ò jẹ́ kó gbọ́ wa. Mo lè sọ pé ara rẹ̀ ò yá, àmọ́ tíṣà á ní òun fẹ́ rí i. Mo lè sọ pé ìyá rẹ̀ ò gbà, àmọ́ á lọ bẹ̀ ẹ́ l'Ọ́fàdà. Mo sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

“Ojú ń tì mí, tíṣà. Nàfísàt ti lóyún.”

“Háà! Nàfísàt wo?”

“Òun náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí ẹnikẹ́ni.”

Ó káwọ́ lérí, ó sì lọ. Ó dé etí gbogbo ayé, àmọ́ tíṣà ò sọ pé ẹnu mi lòun ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ padà sílé-ìwé lẹ́yìn ọdún, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sá wálé. Ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀fàdà, ó mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọn ò bá oyún kankan. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń ba obìnrin náà. Ó bi mí níwájú ọmọ pé, “Àǹtí, ọ̀dọ̀ yín ló ń gbé. Ṣé ó ń bá ọkùnrin rìn?”

Nàfísàt kúnlẹ̀. “Àǹtí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ náà.”

Mo dákẹ́. Mo bojú wolẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ tú àṣírí ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù, torí ìyá rẹ̀ ka ìdákẹ́jẹ́ mi sí bẹ́ẹ̀ ni. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti fi Nàfísàt fún awakọ̀ kan ní Ifọ̀, kó má baà tún dójú tì wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdí maṣíìnì ò gbà mí mọ́. Mo tà wọ́n, mo lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Mo rò pé bí mo bá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ dáadáa, ọkàn mi á balẹ̀. Kò balẹ̀.

Ní tẹ́ẹ̀mù yìí ni Nàfísàt mú ọmọ rẹ̀, Fadilah, wá. “Àǹtí, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ wà níbí, mo ní ibí lọmọ mi máa wá.” Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní Fọláwẹ̀mí, ọ̀rẹ́ òun tí àwọn jọ ń jókòó ní kíláàsì, ló ba òun lórúkọ jẹ́, òun ò sì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn. Mi ò lè gbọ́ ìyẹn kí n tún dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, mo sì sọ òótọ́ fún un.

Ó ní, “Mi ò tíì lè dárí jì yín, Àǹtí. Ìta gbangba lorúkọ mi ti bàjẹ́, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe.” Mo bi í bóyá ó máa mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Rárá. Ẹ mọ èèyàn kọ́.”

Òun ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn, ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá, ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan. Fọláwẹ̀mí náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ wá di tíṣà, bí alágbàtọ́ bá wá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ fún yín, ẹ ní kí ọmọ náà wá, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nàfísàt, mo tọrọ àforíjì, mi ò sì ní kí o fún mi lónìí. Má wò mí mọ́. Kọjú sí ìyá rẹ, ó ń pè ọ́.